Alábàájókòó Kọ́ládé

Àyà ọmọkùnrin náà tún ti ń já, Ìbíyẹmí sì mọ̀ ọ́n lára òun fúnra rẹ̀. Ẹ̀gbà dúdú tó wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀ ń lù kìkìkì, bí ìgbà tí èèyàn bá di òròmọdìẹ mú tó ń wá ọ̀nà àtisá. Ó fi ọwọ́ kejì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kò gbà. Ó dìde, ó rìn dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó tún padà. Lórí àga, ẹsẹ̀ ọmọkùnrin náà ń gbọ̀n, kò sì pẹ́ tí ẹsẹ̀ tirẹ̀ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

"Kọ́ládé, jọ̀wọ́, rọra mí," ló wí. "Ìwọ lò ń bẹ̀rù, inú èmi ló ń run."

"Ẹ má bínú, mà."

"Mi ò bínú. Mo ní kó o mí ni."

Kọ́ládé mí kanlẹ̀. Ẹ̀gbà rọ̀ díẹ̀, lẹ́yìn náà ó tún gbé eré tirẹ̀. Ọmọ nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ni, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ní ìwà ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé: láti ọjọ́ tí wọ́n ti jọ wà nínú àhámọ́ yìí, kò tíì wo Ìbíyẹmí lójú tààrà, kò sì tíì jókòó kí Ìbíyẹmí tó jókòó. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ wọ Ìbíyẹmí lójú. Ní àdúgbò rẹ̀, òun ni wọ́n máa ń pè bí tọkọtaya bá ń jà, bí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò bá ń bára wọn fa ilẹ̀. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀bẹ̀, ó mọ ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ kúnlẹ̀, ó sì mọ̀ pé ẹni tó jàre gan-an ló yẹ kó máa bẹ̀bẹ̀ nígbà mìíràn, kí ọ̀rọ̀ lè tán nílẹ̀.

Ilẹ̀kùn ṣí. Sájẹ́ǹtì Tìámíyù gbé àwo oúnjẹ wọlé, abọ́ ẹ̀wà méjì ló wà lórí rẹ̀, bákan náà gẹ́lẹ́.

"Màmá, ẹ kú ìjókòó o. Ẹ yàn."

Ìbíyẹmí na ọwọ́ sí abọ́ tó wà lápá ọ̀tún, ó gbé e fún Kọ́ládé. Ó mú èkejì, ó bu ṣíbí kan sẹ́nu, ó gbé e mì, Sájẹ́ǹtì sì dúró wò ó títí ó fi gbé e mì. Ìlànà ni. Alábàájókòó ló ń yan abọ́, alábàájókòó ló ń kọ́kọ́ jẹun, kí ẹnikẹ́ni má bàa fi oúnjẹ ṣe ẹni àhámọ́ ní ìkà.

"Bàbá àgbà mi sọ fún wa," Sájẹ́ǹtì ní, ó ń fi aṣọ nu òógùn ọrùn rẹ̀, "pé láyé ìgbà tiwọn, wọ́n á ti èèyàn mọ́lé ní òun nìkan. Wọ́n á nà án. Wọ́n á fi òùngbẹ pa á. Ẹni tó bá ti jáde níbẹ̀ á ti jẹ́wọ́ ohun tí kò mọ̀dí."

"Láìsí ẹni tó jókòó tì í?"

"Láìsí ẹnì kankan, mà. Ní báyìí, ta ló jẹ́ gbá ẹni àhámọ́ létí? Bí mo bá gbá a, ẹ̀yin náà ẹ ó ké, ẹ̀yin tí ẹ kò rú òfin kankan. Gbogbo ìlú Òkè-Ọ̀sà á sì wá gba ẹ̀wù mi."

Òótọ́ ló sọ. Ẹni tó ronú kan Òfin Ìbájókòó, ọlọ́gbọ́n ni. Ó ní kí ẹ̀rọ máa ṣa orúkọ ará ìlú, kí ẹni tó bá kàn fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ wá bá ẹni àhámọ́ jókòó, kí ẹ̀gbà máa pín ìrora ọ̀kan fún èkejì. Ó ro ti ọlọ́pàá, ó ro ti ọ̀daràn, ó ro ti ẹni tí wọ́n purọ́ mọ́. Ohun kan ló gbàgbé, ojú wa ló sì ti ń rí i báyìí: alábàájókòó náà fẹ́ lọ sílé.

Fóònù ara ògiri dún. Ìbíyẹmí fẹ́rẹ̀ẹ́ da ẹ̀wà nù kó tó dé ìdí rẹ̀.

"Màmá, ṣé ẹ ti ń bọ̀?" Ṣìjúadé ni, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Igbe ìkókó ń ta lẹ́yìn rẹ̀. "Ọ̀la mà ni ìkómọ."

"Mo mọ̀, ọmọ mi. Wọn ò tíì tú wa sílẹ̀."

"Ìgbà wo ni wọ́n máa tú yín sílẹ̀?"

"Ìgbà tí ọ̀rọ̀ ẹni tí mo bá jókòó bá yanjú ni. Òfin ni, Ṣìjú."

"Ìyá ọkọ mi ló ń wẹ ọmọ, Màmá. Wọ́n ń jù ú sókè. Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò sì lè sọ̀rọ̀, ẹ mọ̀ pé mi ò lè sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ni mo ń wò." Ọmọbìnrin náà bú sẹ́kún. "Ẹ kò tíì rí ojú ọmọ yìí pàápàá."

Ìbíyẹmí tù ú nínú títí fóònù fi kú. Nígbà tó padà sórí àga, inú ń bí i, kò sì mọ ẹni tí yóò bínú sí. Ó bínú sí ẹ̀rọ tó mú orúkọ òun láàárín gbogbo orúkọ ìlú. Ó bínú sí ẹ̀gbà. Ká sọ tòótọ́, ó bínú sí Kọ́ládé pẹ̀lú, nítorí ọmọ náà ò ṣe ju kó máa tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ lọ.

"Tún un sọ fún mi," ló wí. "Kí ló ṣẹlẹ̀ ní Ilé Ìtutù tí ò ń ṣọ́?"

"Mà, mo ti sọ fún yín. Oòrùn ti ga, àwọn àgbàlagbà ti wọlé wá tutù gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Ẹ̀rọ tó ń mú ibẹ̀ tutù dákẹ́. Èmi kọ́ ni mo pa á. Bí ẹ̀rọ bá ti dákẹ́, ilẹ̀kùn á ti ara rẹ̀ pa, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Èmi ni mo fi irin já a kí wọ́n lè jáde. Bàbá Ṣówùnmí ti dákú ká tó gbé wọn síta."

"Wọ́n ní ńṣe lo pa ẹ̀rọ kó o lè ta iná rẹ̀."

"Mo gbọ́ pé wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀, mà."

Ẹ̀gbà ń lù. Ó ti ń lù bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ìbáà jẹ́ pé ọmọ náà ń sọ̀rọ̀ tàbí ó ń sùn. Ìbíyẹmí ti kọ́kọ́ rò pé òun á lè fi mọ òótọ́ yàtọ̀ sí irọ́. Ẹ̀rù nìkan ló rí níbẹ̀, ẹ̀rù kì í sì í sọ ìdí tó fi wá.

Lẹ́yìn oúnjẹ, iná tàn lára ògiri. Etí ti jí.

Etí ni gbogbo ènìyàn ń pe ẹ̀rọ náà. Ó rí rìbìtì, ó dúdú, ó lẹ̀ mọ́ òkè ògiri bí igbá tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Òun ló ń gbọ́ ohun tí ẹni àhámọ́ bá sọ, òun ló ń pa á mọ́, òun náà ló ń jẹ́rìí sí i pé ó sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní ohùn obìnrin tó ní ẹ̀kọ́. Ọmọdé ni o, àgbà ni o, "ẹ" ló máa ń lò fún wọn. Ọ̀rọ̀ tí ẹni àhámọ́ àti alábàájókòó bá ń bára wọn sọ nìkan ni kò gbọ́dọ̀ gbọ́. Òfin dí i létí níbẹ̀, kí ẹni àhámọ́ lè rí ẹnì kan bá sọ tinú rẹ̀.

"Ẹ kú ọ̀sán," Etí wí. "Bàbá Ṣówùnmí fẹ́ rí Ọ̀gbẹ́ni Kọ́ládé láti orí ibùsùn wọn. Ẹ̀tọ́ wọn ni. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti dákẹ́."

Ojú bàbá arúgbó kan yọ lára ògiri. Ọ̀pá wà ní ihò imú rẹ̀. Ètè rẹ̀ ti bó. Ó wo Kọ́ládé lójú.

"Kọ́ládé. Ìwọ tí o máa ń gbé àga fún mi. Kí ni mo fi ṣe ọ́ tó o fi fẹ́ sè mí bí iṣu?"

Kọ́ládé dìde, ó sì dorí kodò. Àyà rẹ̀ ń lu Ìbíyẹmí lọ́wọ́ débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ké.

"Mò ń bá ọ sọ̀rọ̀, o dákẹ́?" Bàbá wú ikọ́. "Àbí èmi kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń dá lóhùn?"

Ìtìjú mú Ìbíyẹmí nítorí ọmọ náà. Àgbàlagbà ń sọ̀rọ̀ lórí ibùsùn àìsàn, ọmọdé dúró gbagidi níwájú rẹ̀! Ta ni yóò rí i tí kò ní sọ pé kò lẹ́kọ̀ọ́? Ó fẹnu sún mọ́ etí Kọ́ládé.

"Dọ̀bálẹ̀," ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Bẹ̀ wọ́n."

"Mà, èmi kọ́ ni mo ṣe é."

"Ta ló bi ọ́ pé o ṣe é? Àgbà ni wọ́n, ara wọn ò yá. Bí èèyàn bá dọ̀bálẹ̀ fún aràrá, bó bá dìde, gíga rẹ̀ ò dín. Bẹ̀ wọ́n, kí ọ̀rọ̀ yìí tán, kí kálukú máa lọ sílé rẹ̀. Ṣé o fẹ́ ká kú síbí ni?"

Kọ́ládé wò ó fún ìgbà àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, ó ṣe bí ọmọ gidi. Ó na gbalaja sílẹ̀, àyà rẹ̀ kanlẹ̀, ojú rẹ̀ dolẹ̀.

"Ẹ forí jì mí, Bàbá. Ẹ má bínú. Ẹ jọ̀ọ́, sà."

Ojú arúgbó náà tú ká. Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Dìde, ọmọ mi," ó wí. "Mo ti forí jì ọ́. Ọlọ́run á forí ji gbogbo wa." Kò sí ẹni tó wà nínú yàrá náà tí inú rẹ̀ kò dùn. Ìbíyẹmí gan-an ti ń ro aṣọ tí yóò wọ̀ lọ sí ìkómọ.

"Ọ̀gbẹ́ni Kọ́ládé," Etí wí, "ẹ̀ṣẹ̀ wo lẹ tọrọ ìdáríjì fún?"

Kọ́ládé ṣì wà nílẹ̀. Ó yí ojú sí Ìbíyẹmí, bí ọmọ iléèwé ṣe ń wo tíṣà. Ìbíyẹmí mi orí sí i, ó fi ọwọ́ ṣe é pé kó ṣá dáhùn.

"Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Bàbá ni," ó wí.

"Ẹ ṣeun. A ti gba ìjẹ́wọ́."

Iná ògiri kú. Ẹ̀gbà ọwọ́ Ìbíyẹmí ṣí fúnra rẹ̀, ó já bọ́ sílẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dákẹ́ lójijì, ó sì dà bí ẹni pé wọ́n gbé ariwo ọjà kúrò nínú ara rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Sájẹ́ǹtì Tìámíyù wọlé, ó gbé àpò rẹ̀ fún un.

"Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Ọkọ̀ ń dúró dè yín níta. Ẹ ó bá wọn sọ ọmọ lórúkọ lọ́la."

"Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Kọ́ládé, dìde, ká máa lọ."

Sájẹ́ǹtì wò ó. "Ká máa lọ síbo, mà?"

"Sílé kẹ̀. Ṣé Bàbá ò ti forí jì í ni?"

"Bàbá forí jì í. Òfin ò mọ ìyẹn." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ó ti jẹ́wọ́, mà. Ọkọ̀ Oko Iyọ̀ á dé kí ilẹ̀ tó ṣú."

"Láìdé ilé ẹjọ́?"

"Ẹni tó bá ní òun ò ṣe é ló ń dé ilé ẹjọ́."

Kò sí ẹni tí kò mọ Oko Iyọ̀. Etí òkun ló wà, níbi tí wọ́n ti ń ha iyọ̀ lára ẹ̀rọ tó ń sọ omi òkun di mímu. Funfun ni ilẹ̀ ibẹ̀, funfun ni òkè ibẹ̀, oòrùn á sì máa ta padà sójú èèyàn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Àwọn tó ti ibẹ̀ dé máa ń fi ọwọ́ wá ògiri kí wọ́n tó jókòó.

Kọ́ládé ti dìde. Kò pariwo. "Màmá," ló wí, "ẹ̀yin lẹ ní kí n bẹ̀ wọ́n." Kò sì fi ìbínú sọ ọ́. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń béèrè ọ̀nà.

Ìbíyẹmí gbé àpò rẹ̀, ó jáde. Ó dé ẹnu ọ̀nà àgọ́ ọlọ́pàá, ó rí ọkọ̀ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, tí atẹ́gùn tútù ń fẹ́ jáde nínú rẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ kan lé e. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó yí àgọ́ náà po, ó tún padà síwájú. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun kọ́ ni òun ṣe òfin. Ó ní ọmọ náà ti gbó tó láti mọ ohun tí yóò sọ. Ó ní ọmọ òun ń sunkún nílé. Gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ òótọ́, kò sì sí ọ̀kan tó jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró lójú kan. Ó padà wọlé bá Sájẹ́ǹtì ní ọ̀ọ̀dẹ̀.

"Tìámíyù," ó wí, "kí ni wọ́n ń ṣe láti fagi lé ìjẹ́wọ́?"

Sájẹ́ǹtì wo òkè, nítorí Etí wà níbẹ̀ náà. Ó gbọ́n, kò fẹ́ sọ̀rọ̀. "Ẹyin lohùn, mà. Bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́."

"Mo bi ọ́ léèrè."

"Àfi kí alábàájókòó sọ pé òun ló ti ẹni àhámọ́ sí i. Kò sí ẹlòmíràn tó lè sọ ọ́, torí Etí ò gbọ́ yín. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ẹni àhámọ́ sí i bẹ́ẹ̀, orí àga ẹni àhámọ́ lòun náà máa jókòó. Ó di ọjọ́ tí ilé ẹjọ́ bá pè é." Ó fi ọwọ́ kan àpò Ìbíyẹmí bí ẹni tó ń tì í lọ. "Ẹ lọ kó ọmọ jáde, Màmá. Àwọn èèyàn ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́. Kí lẹ rò pé ó ń mú kí ìjẹ́wọ́ máa yá?"

Ìbíyẹmí wá ṣe ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe jù láyé. Ó kúnlẹ̀.

"Háà! Màmá! Ẹ dìde! Ọmọ yín ni mí!"

"Mo bẹ̀ ọ́, ọmọ mi. Bá mi wá ọ̀nà sí i. Fojú fò ó. Ẹ forí jì wá, ẹ má bínú sí wa."

Iná tàn lára ògiri.

"Ìyáàfin Ìbíyẹmí," Etí wí, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, "ẹ kì í ṣe alábàájókòó mọ́, mo sì ń gbọ́ yín. Ẹ̀ṣẹ̀ wo lẹ tọrọ ìdáríjì fún?"

Sájẹ́ǹtì mi orí kíákíá: rárá, rárá. Ó ṣí ẹnu láìsí ohùn, ó ń kọ́ ọ ní ohun tí yóò sọ: kò sí, àṣà ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni, àṣà ni. Gbogbo ìgbà tí Ìbíyẹmí ti kúnlẹ̀ láyé rẹ̀, fún ọkọ ọlọ́kọ, fún onílé, fún àwọn ìyàwó tó ń jà, ẹnikẹ́ni kò bi í rí pé kí ló ṣẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ ti máa ń tó. Lórí eékún rẹ̀ níbẹ̀, ó wá rí i pé fún ìgbà àkọ́kọ́, ó ní ohun tí òun ṣẹ̀ lóòótọ́, ó sì nira fún un láti dárúkọ rẹ̀. Ó dìde dúró kó tó dáhùn.

"Èmi ni mo ti ọmọ yìí sí i," ó wí.

"Ẹ sọ ọ̀rọ̀ tí ẹ fi tì í."

"Mo ní kó dọ̀bálẹ̀, kó bẹ̀ wọ́n. Ó sọ fún mi pé òun kọ́ lòun ṣe é. Mo ní ta ló bi í." Ó di àpò rẹ̀ mú. "Kì í ṣe nítorí tirẹ̀. Mo fẹ́ tètè lọ sílé ni."

"Ẹ ṣeun. A ti fagi lé ìjẹ́wọ́ Ọ̀gbẹ́ni Kọ́ládé. Ìyáàfin Ìbíyẹmí, ẹ ti di ẹni àhámọ́. A ń ṣa orúkọ àwọn alábàájókòó tuntun fún ẹ̀yin méjèèjì."

Sájẹ́ǹtì Tìámíyù gba àpò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi ẹ̀gbà tuntun bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. "Kí ni kí n sọ fún ọmọ yín?" ló béèrè.

"Sọ fún un pé kí wọ́n sọ ọmọ lórúkọ. Kí wọ́n má dúró dè mí." Ẹkún gbọ̀n ọ́n, ó sì sun ún níbẹ̀, lójú wọn, kò bò ó. "Kó sì sọ fún ìyá ọkọ rẹ̀ pé kí wọ́n yé ju ọmọ náà sókè. Kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́."

Wọ́n mú un padà sínú yàrá. Kọ́ládé dìde fún un. Kí ó tó jókòó, Etí tún tàn.

"Ọ̀gbẹ́ni Kọ́ládé, ọ̀rọ̀ yín ti padà sọ́wọ́ yín. Ẹ lè dákẹ́ títí alábàájókòó yín á fi dé. Ṣé ẹ fẹ́ sọ nǹkan kan?"

Kọ́ládé ò wo Ìbíyẹmí. Ó gbé ojú sókè sí ògiri, ó sì dúró ṣánṣán.

"Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Èmi kọ́ ni mo pa ẹ̀rọ náà."

Ìbíyẹmí di ọwọ́ ara rẹ̀ mú. Ẹ̀gbà tuntun náà kò tíì so mọ́ ẹnikẹ́ni, kò sì sọ nǹkan kan fún un. Ìkómọ ọ̀la ti lọ. Iyì rẹ̀ ládùúgbò náà ti lọ, nítorí ta ni yóò tún pe ẹni àhámọ́ láti wá parí ìjà? Kò sì mọ̀, kò mọ̀ rárá, bóyá òótọ́ ni ọmọ náà sọ.

Sájẹ́ǹtì tẹ̀ sí i létí. "Màmá, bó bá jẹ́ irọ́ ló ń pa ńkọ́?"

"Bó bá jẹ́ irọ́, irọ́ tirẹ̀ ni," Ìbíyẹmí wí. "Ìjẹ́wọ́ tó ṣe lẹ́ẹ̀kan, tèmi ni."